Ẹ gbà mí o, báwo lẹ ṣe ń wọn ilé ńlá tí wọn ò kọ́ parí?

OpoMeta: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Vicenza ni mo wà ní Ítálì, wọ́n ní kí àwa mẹ́ta lọ wọn Palazzo Porto tó wà ní Piazza Castello, èyí tí Andrea Palladio yàwòrán ẹ̀ ní nǹkan bíi 1571. Ca' del Diavolo làwọn ará ibẹ̀ ń pè é, mi ò ní túmọ̀ ẹ̀ sí ilé Èṣù kẹ́ ẹ má bàa bá mi jà, ẹ jẹ́ ká ṣáà pè é ní ilé Sàtánì. Wọn ò kọ́ ọ parí. Òpó gàgàrà mẹ́ta tó lẹ̀ mọ́ ògiri pẹ̀lú àlàfo méjì tó wà láàárín wọn, ó tán, àfi bíi búrẹ́dì tí wọ́n gé síláìsì méjì lára ẹ̀ tẹ́nì kan wá gbé ìyókù sá lọ. Téèpù la fi bẹ̀rẹ̀, ìgbà mẹ́ta la wọn iwájú ẹ̀, ìdáhùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la rí. Ọ̀rẹ́ mi ní tiẹ̀ ti ń ya odidi àlàfo méje sórí láptọ́ọ̀pù, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ìbá ṣe rí. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

BabaTeepu: Ó dá mi lójú pé ẹ̀ ń wọn ọ́n lékìrí-lékìrí, ẹ wá ń ro ó pọ̀, àṣìṣe kékeré ibí yóò gun èyí tó wà lọ́hùn-ún. Ojú òdo (0) kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ na téèpù tán, kẹ́ ẹ wá máa ka ibi gbogbo lórí ẹ̀ láìká a kúrò nílẹ̀. Ti òkè ńkọ́? Ẹ má gun nǹkan kan o. Ẹ wá total station, ẹ̀rọ táwọn awọnlẹ̀ máa ń gbé sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta láti wọn ibi tọ́wọ́ ò tó, ẹ fi mú pọ́ìǹtì bíi mélòó kan, ẹ wá ya fọ́tò tó wọnú ara wọn dáadáa kí kọ̀ǹpútà lè so wọ́n pọ̀. Ọjọ́ tí ìkùukùu bá bo oòrùn ni kẹ́ ẹ yà á, torí àwọn òpó yẹn yọ síta gan-an, òjìji wọn á bo ewé tí wọ́n gbẹ́ sókè lẹ́bàá orí òpó.

Eyin_Ogiri: Ẹ ní kó dáwọ́ dúró jàre 😂. Méje tó ń pariwo yẹn, Ottavio Bertotti Scamozzi, ayàwòrán ilé kan, ló rò ó jáde, ní nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn tí Palladio ti kú, ohun tó ṣẹ́kù nílẹ̀ náà ló wò. (Kì í ṣọmọ Vincenzo Scamozzi tó bá wọn ṣe díẹ̀ kún ilé náà o, ogún ló jẹ tó fi ń jórúkọ yẹn.) Ẹ lọ sẹ́yìn, níhà àgbàlá, kẹ́ ẹ wo ibi tí ògiri ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ kọdọrọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà ju iwájú tí gbogbo èèyàn ń yà ní fọ́tò lọ. Ibi tí ògiri bá ti já, ẹ ya bíríkì ibẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó yọ síta bí eyín, ìyẹn wọ́n fi í sílẹ̀ kí ògiri tó ń bọ̀ lè gé e jẹ ni, kì í ṣe pé ó wó. Bíríkì làwọn òpó yẹn náà, wọ́n kàn rẹ́ ẹ kó lè dà bí òkúta ni, torí náà ibi tí ìrẹ́ bá ti ṣí, ẹ wọn bíríkì abẹ́ ẹ̀. Ohun tójú rí, ìlà dúdú. Ohun tẹ́ ẹ rò, ìlà pupa gígé-gígé lójú ewé mìíràn.

BabaTeepu: Ẹ má gbàgbé ẹsẹ̀ Vicenza o, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n ń lò níbẹ̀ láyé Palladio, nǹkan bíi 35.7 sẹ̀ǹtímítà, Palladio tiẹ̀ tẹ̀ ìdajì ẹ̀ sínú ìwé tó gbé jáde ní 1570. Àmọ́ ẹ kọ iye tẹ́ ẹ wọ̀n gan-an sílẹ̀ ná, kẹ́ ẹ tó fi ẹsẹ̀ pín in. Ẹni tó bá ti ń wá ẹsẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ ló máa rí.

OpoMeta: Ẹ ṣeun gan-an ni. A padà lọ láàárọ̀ yìí, a sì rí ibi tó ti tẹ̀ yẹn, a ti kọjá ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀ láìwò ó. Ọ̀rẹ́ mi ò pa àlàfo márùn-ún tó kù rẹ́ o, ó kàn sọ wọ́n di pupa, ojú ẹ̀ náà sì pọ́n.