Búlọ́ọ̀kù ìdọ̀tí káábáìdì: kí ni kì í jẹ́ kí àárín rẹ̀ le?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀. Ẹrẹ̀ funfun tí àwọn wẹ́dà Òṣogbo ń dà sí gọ́tà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gáàsì inú káábáìdì tán la fi ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Ó dùn wá bó ṣe ń ṣòfò. Calcium hydroxide ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bó bá fa gáàsì CO2 (carbon dioxide) mu, á di calcium carbonate, ohun kan náà tó wà nínú òkúta ẹfun, ìyẹn ló sì ń mú kí búlọ́ọ̀kù le.

A máa ń sá a síta, jìnnà sí iná, torí gáàsì lè ṣì kù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó lọ̀ ọ́, a ó jọ̀ ọ́. Ìwọ̀n 1 rẹ̀ sí yanrìn 3, omi ìdá 10 nínú 100. A ó fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, kó nípọn tó ínǹṣì 4, a ó gbé e sínú dúróọ̀mù tí kò jò, a ó sì tú CO2 sí i fún wákàtí 24.

Bí a bá là á, tí a wọ́n phenolphthalein sí i (èròjà tó ń di píǹkì níbi tí calcium hydroxide bá ṣì kù sí), etí rẹ̀ kì í yí àwọ̀ padà, àmọ́ gbogbo àárín á di píǹkì.

Omi la fura sí. Bí ihò inú rẹ̀ bá kún fómi, CO2 kò ní ráyè wọlé. Bó bá gbẹ jù, CO2 kò ní rí omi tó máa yọ́ sí. Ìyípadà náà fúnra rẹ̀ sì tún ń pèsè omi.

Omi ìdá mélòó ló yẹ kó kù kí a tó tú CO2 sí i? Ta ló ti lo silica gel (èròjà tó ń fa omi mu) tàbí fáànù nínú dúróọ̀mù? Àbí ká kúkú ṣe búlọ́ọ̀kù oníhò? Ẹ jọ̀ọ́, ìwọ̀n tí ẹ lò gan-an la fẹ́.