Àrokò kọ́ ni rẹfirí ń pa

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé lánàá dábàá pé ká máa pe àmì ọwọ́ tí rẹfirí bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ń ṣe ní "àrokò". Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Àmọ́ ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi, kò bá a mu.

Ẹni tó ń pàrokò ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ ni. Owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n so pọ̀ ránṣẹ́, ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ló mọ̀ pé "ọkàn mi fà sí ọ" ló wà ńbẹ̀. Ọmọ tó gbé e lọ lè má mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí rẹfirí bá na ìka mẹ́fà sí tábìlì àwọn akọ̀wé, mẹ́fà náà ni: nọ́ńbà 6 ló ṣe fáùlù. Bó bá di ìkúùkù sókè, fáùlù ni. Bó bá na àtẹ́lẹwọ́ sókè, wọ́n tàpá sófin ni, bíi kéèyàn gbé bọ́ọ̀lù rìn láì lù ú mọ́lẹ̀. Kóòṣì méjèèjì, akọ̀wé, òǹwòran, gbogbo wọn ló yẹ kó yé lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ti bá wọn kọ ìwé àmì-ayò rí, níbi ìdíje kan n'Íbàdàn níbí. Rẹfirí kọ ẹ̀yìn ọwọ́ sí wa pẹ̀lú ìka kan, ó wá yí àtẹ́lẹwọ́ sí wa, ó na mẹ́fà. Ọ̀kan àti mẹ́fà, 16 nìyẹn. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pariwo "ẹẹ́rìndínlógún!" Ariwo pọ̀, èmi gbọ́ "ẹẹ́rìnlélógún", mo sì kọ 24. Kóòṣì ọmọ tó wọ 24 fò dìde. Ìka ló gbà wá sílẹ̀. "Àmì ọwọ́" tó, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìkejì, ẹ̀gbọ́n náà ní ká pe rẹfirí tó ń bá rẹfirí mìíràn ṣiṣẹ́ ní "ẹnìkejì". Èyí jọ ọ̀rọ̀ tọkọtaya létí tèmi, wọ́n sì lè jẹ́ mẹ́ta lórí pápá. Ẹlẹgbẹ́ ni. Ohun tó ń lọ láàárín wọn kí fèrè tó dún, tí wọ́n á wo ara wọn lẹ́ẹ̀kan, tí ẹnìkan á sì fi ìpinnu sílẹ̀ fún ẹni tó sún mọ́ ibẹ̀ jù, a lórúkọ fún un nílé. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ wò níwájú àlejò, tó sì dá ẹran padà sínú àwo, ọmọ yẹn mojú. "Ìmojú" ni kí àwọn rẹfirí máa kọ́.

Ní ti orúkọ kóòṣì, "akọ́nimọ̀ọ́gbá" dára nínú ìròyìn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kóòṣì ni gbogbo wa ń pè é.

Ó wá ku lẹ́tà T tí rẹfirí ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣe nígbà tí ẹnu kóòṣì bá kọjá ààlà. Fáùlù ni, "technical foul" ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ ẹnì kankan ò fara kan ẹnì kan. "Fáùlù ẹnu" ló wá sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú láìsí ẹni tó tì í náà lè gbà á, kò sì sọ̀rọ̀ rárá. Ta ló ní orúkọ Yorùbá tó sàn jù fún un?