Lúùpù kékeré fún shortwave: kí lojú yín ti rí?

Etí Òru:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo so áńtẹ́nà lúùpù kékeré kan mọ́ ojú fèrèsé. Wáyà irin rẹ̀ rí roboto, ó fẹ̀ tó gígùn apá, àpótí dúdú tí ampílífáyà wà nínú rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Kí n tó ní in, wáyà bíi mítà 20 ni mo nà láti fèrèsé dé ara igi. Ohun tí kò yé mi ni pé abẹ́rẹ́ ojú rédíò mi kì í gòkè tó bó ṣe ń gòkè pẹ̀lú wáyà. Àmọ́ lálẹ́ àná, mo gbọ́ stéṣàn kan lórí bándì tí wọ́n ń pè ní mítà 31 ketekete. Ìgbà tí mo ń lo wáyà, ńṣe ni stéṣàn yẹn máa ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi. Ẹ sọ ohun tójú tiyín rí. Ṣé ojú mi ló ń tàn mí ni àbí etí mi?

Wáyà Gígùn:
Etí.

Atọ́nà:
Ẹ má dá Wáyà Gígùn lóhùn. Abẹ́rẹ́ yẹn ò mọ ohùn yàtọ̀ sí ariwo, ohunkóhun tó bá ti wọlé ló ń wọ̀n. Ó ti tan èmi náà rí. Stéṣàn kan wà tó máa ń gbé abẹ́rẹ́ mi dé 9 pẹ̀lú wáyà, inú mi á sì máa dùn. Lọ́jọ́ kan ni mo ṣèèṣì yí kúrò lórí stéṣàn náà díẹ̀, dé ibi tí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lórí 8! Àṣé ariwo ilé mi ni mo ti ń kí kú oríire látọjọ́ yìí. Mo gbé lúùpù sí i: stéṣàn 6, ibi òfìfo 2. Mo gba méjèèjì sílẹ̀, mo fún ọmọbìnrin mi gbọ́ láìsọ èwo lèwo. Ó ní kí n pa ti àkọ́kọ́, pé ó ń dun òun létí.

Lórí shortwave, pàápàá nísàlẹ̀ 10 MHz, ariwo tó ń ti ìta wọlé ti ju ariwo inú rédíò fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì. Torí náà, áńtẹ́nà kékeré tó bá dín ohùn kù, tó sì dín ariwo kù jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti ṣe yín lóore. Ẹ fi nǹkan bo abẹ́rẹ́ yẹn lójú.

Agbóhùn:
Ẹ jẹ́ n sọ ti èmi tó kù díẹ̀ kí n bá gbogbo àdúgbò jà.

Ọjọ́ tí lúùpù mi dé, mo tanná sí i, mítà 49 bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí oyin. Á ké níbi kan, á dákẹ́, á tún ké níwájú díẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dókè. Mo ní bọ́ọ̀bù LED ilé kejì ni. Mo gbé rédíò kékeré tó ń lo bátìrì, mo ń rìn kiri lálẹ́ bí ọdẹ, mo ń gbé e sún mọ́ ògiri oníkálukú. Bàbá kan yọjú lójú fèrèsé, ó bi mí pé kí ni mo ń wá. Mo ní "ariwo ni, sà." Ó ti fèrèsé rẹ̀.

Mo padà sílé, mo pa iná gbogbo ilé látìdí. Ariwo kú, àmọ́ stéṣàn náà bá a kú, torí ṣájà fóònù ni mo fi ń fún lúùpù níná. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí ìyẹn. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo tún fi bínú sí àwọn aládùúgbò kí n tó gbé power bank dípò ṣájà, ni gbogbo rẹ̀ bá pa lọ́lọ́. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ìyá Rédíò:
"Ariwo ni, sà." 😂😂 Ẹ̀rín fẹ́ pa mí níbi tí mo jókòó sí.

Ajá Ọdẹ:
Bàbá yẹn á ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọmọkùnrin ilé kejì ti ya.

Òrùka Idẹ:
Power bank náà kì í ṣe ẹni mímọ́ o. Nǹkan wà nínú rẹ̀ tó ń yí iná bátìrì padà sí 5V, àwọn kan ń pariwo bí ṣájà gan-an. Èyí tí mo kọ́kọ́ lò tún máa ń pa ara rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, torí iná tí lúùpù ń fà kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi rò pé kò sẹ́ni tó ń lo òun. Lúùpù tí mo ń lò báyìí ń gba 12V, bátìrì gidi ni mo so mọ́ ọn. Kò sí wàhálà mọ́.

Ọmọ Tuntun:
Mo fún tèmi ní 12V torí mo rò pé á túbọ̀ gbọ́ràn. Èéfín ló fi dá mi lóhùn.

Atọ́nà:
Wọn ò kọ 5V sára rẹ̀ ni?

Ọmọ Tuntun:
Wọ́n kọ ọ́.

Ìyá Rédíò:
Ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀. Ẹ̀yin náà ti jó nǹkan rí.

Ẹ ò tíì mẹ́nu ba ibi tó dùn jù, ìyẹn yíyí. Tí ẹ bá so lúùpù mọ́ ojú kan, ẹ ti sọ ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ nù. Ibi tí wáyà náà ti fi ẹ̀gbẹ́ hàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni etí rẹ̀ wà. Ojú rẹ̀ gbalaja, ibi téèyàn lè ki orí bọ̀, ibẹ̀ ló ti dití. Nǹkan kan wà ní ilé ẹ̀yìn wa tó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ní ìrọ̀lẹ́, mi ò mọ ohun tó jẹ́ dòní. Mo gbé lúùpù sórí ọ̀pá ìgbálẹ̀, ọmọ mi dì í mú, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, èmi wà nídìí rédíò. "Díẹ̀ sí i. Díẹ̀ sí i. Padà. Dúró!" Ariwo náà wọlẹ̀ bí ẹni fi ìdérí dé ìkòkò. Ó tún mí lásán, ariwo padà. Ibi adití yẹn há gan-an. Ẹni tó bá yí i kíákíá á kọjá rẹ̀ láìmọ̀, á wá sọ pé irọ́ ni.

Wáyà Gígùn:
Tí ariwo bá kú torí pé ẹ yí i, stéṣàn náà ò ní kú ni? Àbí lúùpù yín mọ olè yàtọ̀ sí onílé?

Ìyá Rédíò:
Bọ̀dá mi, ariwo yẹn ń ti ibì kan pàtó bọ̀, nítòsí, ó ń rìn gba ilẹ̀. Stéṣàn ọ̀nà jíjìn ti lọ gbá ojú ọ̀run kó tó já bọ̀ wálẹ̀, òkè ló ti ń wá, kì í sì í dúró sójú kan. Ẹ̀gbẹ́ adití ò rí i mú bẹ́ẹ̀. Ẹ dán an wò pẹ̀lú stéṣàn medium wave tó wà nítòsí yín lọ́sàn-án, ẹ máa rí i pé ìyẹn máa ń kú fin-ín.

Wáyà Gígùn:
Mo gbọ́.

Ajá Ọdẹ:
Àǹtí, mo ti yí tèmi títí ọrùn fi ń dùn mí. Ariwo ò lọ síbì kan. Iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀kan náà ni.

Òrùka Idẹ:
Ajá Ọdẹ, ẹ ṣe nǹkan kan fún mi. Ẹ tú wáyà roboto yẹn kúrò lára àpótí rẹ̀, kí iná ṣì wà lára àpótí. Ẹ wá gbọ́ rédíò.

Ajá Ọdẹ:
Ha! Mo ṣì ń gbọ́ stéṣàn! Lúùpù ò sí níbẹ̀ rárá!

Òrùka Idẹ:
Ẹ kú oríire, kébùlù yín ni áńtẹ́nà. Òde ara kébùlù ló ń kó ariwo inú ilé gùn lọ bá ampílífáyà, ìdí nìyẹn tí yíyí ò fi ràn yín lọ́wọ́. Ẹ wá ferrite, òrùka dúdú tó rí bí òkúta yẹn. Ẹ ká kébùlù mọ́ ọn nígbà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, ọ̀kan nídìí lúùpù, ọ̀kan nídìí rédíò. Èyí tí wọ́n ń pè ní mix 31 ló dáa jù fún ibi tí ẹ ti ń gbọ́. Ẹ má gbára lé èyí tí wọ́n kàn ń há mọ́ kébùlù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyẹn ò ju ẹ̀ṣọ́ lọ. Ọjọ́ tí mo ṣe tèmi ni mo tó mọ̀ pé lúùpù mi ní ẹ̀gbẹ́ adití.

Atọ́nà:
Ohun tó tún jẹ́ kí lúùpù dáa nínú ilé ni pé ìgbì rédíò ní apá méjì, apá mágínẹ́ẹ̀tì àti apá iná. Apá mágínẹ́ẹ̀tì ni lúùpù ń gbọ́, ariwo inú ilé sì ń wá nípasẹ̀ apá iná.

Wáyà Gígùn:
Ìpolówó ọjà nìyẹn. Nítòsí ohun tó ń pariwo, nǹkan kan lè fi mágínẹ́ẹ̀tì pariwo, òmíràn a fi iná. Ẹ gbé lúùpù yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣájà Agbóhùn kí ẹ wò ó bóyá kò ní ké.

Mo sì ní ìbéèrè kan. WebSDR ti Yunifásítì Twente ní Netherlands, rédíò téèyàn lè gbọ́ látorí íntánẹ́ẹ̀tì, tó kọ́kọ́ bọ́ síbẹ̀ ní 2008, tí gbogbo yín máa ń sá lọ bí ilé yín bá ń pariwo, ṣé lúùpù ni wọ́n ń lò?

Atọ́nà:
Mini-Whip ni.

Wáyà Gígùn:
Áńtẹ́nà tó ń gbọ́ apá iná nìkan. Ẹ ṣeun.

Atọ́nà:
Ẹ̀gbọ́n, orí òrùlé ló wà! Ẹ gbé Mini-Whip sí ojú fèrèsé yín kí ẹ wá bá mi sọ̀rọ̀.

Ìyá Rédíò:
Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ ohun kan náà. Ibi tí áńtẹ́nà wà ju irú áńtẹ́nà lọ. Mo gbé tèmi kúrò lójú fèrèsé lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kò ju mítà mẹ́jọ lọ, ó sì dà bí ẹni pé mo ra òmíràn.

Kò-tíì-sùn:
Èmi ò ní ìṣòro ariwo. Ohùn ló pọ̀ jù fún mi. Stéṣàn medium wave méjì wà nítòsí mi, ọ̀kan lórí 900 kHz, èkejì lórí 1,296. Bí mo bá ti so lúùpù, àwọn méjèèjì á máa sọ̀rọ̀ pa pọ̀ lórí 2,196, níbi tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wà. Mo kọ́kọ́ rò pé mo ti rí stéṣàn àdììtú kan ni. Mo tiẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé.

Atọ́nà:
900 àti 1,296, ẹ rò ó pọ̀. Iwin stéṣàn ni ẹ kọ sínú ìwé 😄 Nǹkan kan ti yó jù nínú ẹ̀rọ yín, ló bá ń da àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń dín agbára kù lára rédíò. Bí iwin bá pòórá kíákíá ju àwọn stéṣàn gidi lọ, rédíò ló yó. Bí gbogbo wọn bá jọ lọ sílẹ̀ bákan náà, ampílífáyà ìdí lúùpù ló yó, fílítà tí ẹ bá fi sídìí rédíò ò sì lè tún ìyẹn ṣe mọ́.

Kò-tíì-sùn:
Wọ́n jọ lọ sílẹ̀ ni. Mo wá ṣe ohun tí Ìyá Rédíò sọ, mo kọ ẹ̀gbẹ́ adití sí ti 900 yẹn. Iwin kú. Ẹ ṣé o, mà.

Fèrèsé Kejì:
Ẹ jọ̀ọ́, lúùpù tí wọ́n ń pè ní YouLoop ńkọ́? Mo so ó mọ́ rédíò àfọwọ́gbé mi, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Òrùka Idẹ:
Kò ní ampílífáyà. Rédíò tí etí rẹ̀ mú gan-an, bí Airspy HF+ Discovery, ni wọ́n ṣe é fún. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Ọjà Òru:
Kí lẹ tiẹ̀ ń gbọ́ gan-an? Radio Australia ti kúrò lórí shortwave láti 2017. Gbogbo wọn ń lọ. Ẹ̀ ń kọ́ ilẹ̀kùn sí ilé tó ń wó.

Agbóhùn:
Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní Ukraine ní 2022, kí ni BBC sá padà sí? 15735 àti 5875 kHz. Nígbà tí ti Sudan bẹ̀rẹ̀ ní 2023, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjà Òru:
Ṣé kí ogun máa jà kẹ́ ẹ lè máa rí nǹkan gbọ́ ni?

Agbóhùn:
Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Rédíò:
Ẹ má bá wa da ọ̀rọ̀ rú. Etí Òru dà?

Etí Òru:
Mo wà ńbẹ̀, mà. Mo ti fi bébà bo abẹ́rẹ́. Mo yọ ṣájà, mo sì tú lúùpù kúrò lára fèrèsé, mo ń fi ọwọ́ yí i. Stéṣàn mítà 31 yẹn tún dáa ju ti àná lọ. Àmọ́ nígbà tí mo dé 15 MHz tí mo tún so wáyà gígùn padà, mi ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan láàárín àwọn méjèèjì. Wáyà tiẹ̀ fẹ́ẹ̀ dáa jù.

Wáyà Gígùn:
Ẹ má tíì ká a kúrò lára igi.

Atọ́nà:
Ariwo ilé máa ń dín kù bí ẹ bá ṣe ń gòkè, kò yà mí lẹ́nu. Ẹ fi méjèèjì sílẹ̀, ẹ wá súwíìṣì kan sáàárín wọn.

Olùbéèrè:
Ẹ kú àárọ̀ o. Lúùpù mi dé lánàá, ó ń ké bí oyin lórí gbogbo mítà 49. Ṣájà fóònù ni mo fi ń fún un níná. Ó jọ pé bọ́ọ̀bù ilé kejì ni. Kí ni kí n ṣe?

Agbóhùn:
Ẹ má jáde nílé.