Ọ̀rọ̀ tí etí ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan: èsì lórí “pọ́díkáàsì”, “àbá” àti “ìwádìí fi hàn”

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Nǹkan mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n wa tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ń fẹ́: kí àwọn tó ń ṣe ètò sáyẹ́ǹsì fún ará ìlú, lórí rédíò àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì, máa pe podcast, ètò ohùn tí a ń gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tó bá wù wá, ní “ìgbohùnpamọ́”; kí wọ́n máa pe tíọ́rì (theory lédè Gẹ̀ẹ́sì, àlàyé àwọn onímọ̀ lórí bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀) ní “àbá”; kí wọ́n sì fi “ìwádìí fi hàn pé” sílẹ̀ bó ṣe wà, torí ó ti mọ́ tọmọdé tàgbà lẹ́nu. Orí èyí àkọ́kọ́ ni ìjà pọ̀ sí. Lójú tèmi, òun ló kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè kúrò nídìí rẹ̀.

“Ìgbohùnpamọ́” dùn létí, ó sì bá “ìgbohùnsáfẹ́fẹ́” mu. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì náà ń pa ohùn mọ́, fóònù ń pa ohùn mọ́. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò ju ohun tí à ń wá orúkọ fún lọ. Àwọn tó ní a ò gbọ́dọ̀ yá “pọ́díkáàsì” lò nítorí kò ní ìtumọ̀ nínú Yorùbá, ṣé ó ní ìtumọ̀ gidi kan lédè Gẹ̀ẹ́sì ni? Akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Ben Hammersley ló kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Guardian ní oṣù Kejì ọdún 2004: ó mú ìdí iPod (pod), ẹ̀rọ kékeré tí Apple ṣe fún gbígbọ́ orin, ó mú ìdí broadcast (cast), ìyẹn ìgbohùnsáfẹ́fẹ́, ó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Apple kéde ní 2022 pé àwọn ò ṣe iPod mọ́, síbẹ̀ orúkọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Broadcast gan-an, ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, fífi ọwọ́ fọ́n irúgbìn ká oko. Àwa náà ní “asọ̀rọ̀mágbèsì”, ọ̀rọ̀ tó rẹwà gan-an, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn olùgbọ́ ti ń pe ètò lórí fóònù ni rédíò ti ń gba èsì, “rédíò” náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń pè é. Ẹ jẹ́ kí pọ́díkáàsì máa lọ bẹ́ẹ̀.

Etí ni ohun tó yẹ kó ká wa lára. Ẹni tó ń kàwé lè dúró lórí ọ̀rọ̀ tuntun, kó tú u wò, kó rí i pé ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ni ohun tó ń mú ohùn, tó sì ń mú àwòrán wá. Ẹni tó ń wakọ̀, tí rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Kò lè ní kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ padà sẹ́yìn. (Pọ́díkáàsì ṣeé dá padà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló ń dá a padà nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo?) Ìtumọ̀ tó ti wà létí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò mú. Ìdí nìyẹn tí “àjẹsára” fi rọrùn: ohun tí a jẹ, tó dúró sínú ara, tó ń dáàbò bò wá, a ti mọ̀ ọ́n kí dókítà tó gbé abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ kì í ṣe jíjẹ, ẹnikẹ́ni ò sì ráhùn.

Ẹ wá gbé “àbá” sórí ìwọ̀n yìí. Ní ọdún 1882, Robert Koch, dókítà ará Jámánì, fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berlin pé bakitéríà kan báyìí ló ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ àti ti Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, wà lára ohun tó fi ẹsẹ̀ tíọ́rì náà múlẹ̀ pé àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú ò lè rí ló ń fa ọ̀pọ̀ àrùn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìméfò. Orí rẹ̀ ni àwọn dókítà dúró lé tí wọ́n fi ń fọwọ́ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá wá pè é ní “àbá Koch àti Pasteur”, olùgbọ́ á ti parí òwe náà nínú ara rẹ̀: àbá ni ikán ń dá, ikán ò lè mu òkúta. Ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbìyànjú ni àbá, ohun tó ṣeé ṣe kó já sófo. Ẹ jẹ́ ká fi àbá fún èyí tí onímọ̀ gbé kalẹ̀ láti dán wò, torí ó bá ibẹ̀ mu gẹ́lẹ́, ká sì jẹ́ kí tíọ́rì máa jẹ́ tíọ́rì. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀, kó fi gbólóhùn kan tẹ̀ lé e: “àlàyé tí wọ́n ti dán wò lọ́nà púpọ̀, tó sì ń dúró.”

Èyí tó ń dùn mí jù ni “ìwádìí fi hàn pé”. Ẹ̀gbọ́n ní kò ní àbùkù. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ wò ó dáadáa, sà. Wíwá ìdí ni ìwádìí. Àwọn wo la máa ń gbọ́ pé wọ́n ń ṣe é? Ọlọ́pàá. Nígbà tí ìwádìí ọlọ́pàá bá parí, wọ́n ti mú ẹni tó ṣe é, ẹjọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìdájọ́ tán nìyẹn létí olùgbọ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ kò tíì rí ìdí kankan. Ohun méjì ni wọ́n rí tó jọ ń rìn, wọn ò sì tíì mọ̀ bóyá ọ̀kan ló ń fa èkejì, tàbí ohun kẹta ló ń fa méjèèjì.

Àpẹẹrẹ kan rèé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, IARC, àjọ tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, sọ pé bí èèyàn bá ń jẹ gíráàmù 50 ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ tàbí èéfín tọ́jú lójoojúmọ́, irú bíi sọ́séèjì, ewu jẹjẹrẹ ìfun ńlá á fi ìdá 18 nínú 100 pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ ká ní sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan kà á síta pé: “Ìwádìí fi hàn pé ìdá méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń jẹ sọ́séèjì ló máa ní jẹjẹrẹ.” Irọ́ ló pa yẹn, kò sì mọ̀. Ká ní nínú 100 èèyàn tí kì í jẹ ẹ́, márùn-ún ló máa ní àrùn náà láyé wọn. Ìdá 18 nínú 100 lórí márùn-ún kò pé odindi ẹnì kan. Nínú 100 tó ń jẹ ẹ́, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́fà. “Márùn-ún á di mẹ́fà”: ohun tó yẹ kó jáde lẹ́nu nìyẹn, Yorùbá tí ẹni tó ń wakọ̀ lè gbọ́ lẹ́ẹ̀kan kó sì yé e.

Ọ̀rọ̀ ò tíì tán níbẹ̀. Ìsọ̀rí kìíní tí sìgá wà ni IARC fi irú ẹran yìí sí, ni àwọn oníròyìn kan bá pariwo pé sọ́séèjì burú tó sìgá. Bí ẹ̀rí ṣe lágbára tó ni ìsọ̀rí yẹn ń sọ, kì í ṣe bí ewu ṣe tóbi tó. Ó lè dá wa lójú hán-únhán-ún pé ewu kan wà, kí ewu ọ̀hún sì kéré. A nílò ọ̀nà tí a ó fi ya méjèèjì sọ́tọ̀ lórí afẹ́fẹ́, a sì ti ní in nínú èdè. Ìdánilójú yàtọ̀ sí títóbi. “Ó dájú pé ó ń fà á, ṣùgbọ́n kì í fà á púpọ̀.” Kò sí ọ̀rọ̀ tuntun kan nínú gbólóhùn yẹn.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ ká jọ jiyàn lé lórí ni ìpele ìdánilójú. Àwọn onímọ̀ IPCC, tó ń ṣàkójọ ìmọ̀ lórí ìyípadà ojú ọjọ́, ti fi òdiwọ̀n sí ọ̀rọ̀ tiwọn: gbólóhùn kan wà fún ohun tó ní àǹfààní 66 ó kéré tán nínú 100 láti jẹ́ òótọ́, òmíràn wà fún 90 sókè, òmíràn fún 99 sókè. Yorùbá kò ṣaláìní irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀. A kàn ń lò ó láìwọ̀n ọ́n ni. Mo dábàá “ó jọ pé” fún ìpele 66, “ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé” fún 90, “kò sí àní-àní pé” fún 99. Mi ò fọwọ́ sí “ó ṣeé ṣe” níbikíbi nínú rẹ̀, torí ẹnì kan lè gbọ́ ọ bí ohun tí agbára ká láti ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé “ó jọ pé” rọ̀ jù fún 66, kó wí.

Kí n tó lọ, méjì kékeré. “Oògùn apakòkòrò” ni àwọn kan ń pe oògùn tó ń pa bakitéríà. Orúkọ kan náà wà lára ìgò tí a fi ń fín ẹ̀fọn. Bí a bá sì tún ń pe fáírọ́ọ̀sì ní kòkòrò, olùgbọ́ tó ní ọ̀fìnkìn á lọ ra apakòkòrò, nígbà tó jẹ́ pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í ran fáírọ́ọ̀sì rárá. Ẹ jẹ́ ká fi kòkòrò sílẹ̀ fún ohun tó ní ẹsẹ̀, ká máa pe bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì lórúkọ wọn.

Èkejì ni oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, èyí tí wọ́n máa ń fún apá kan àwọn tó gbà kí a dán oògùn tuntun wò lára wọn. Mo ti rí i tí wọ́n kọ ọ́ ní “ayédèrú oògùn”. Ẹ gbà mí! Ọ̀daràn ló ń ta ayédèrú oògùn. Gbólóhùn kan péré lórí afẹ́fẹ́ ló kù kí olùgbọ́ sọ pé àwọn dókítà ti jẹ́wọ́. “Oògùn ẹ̀tàn” ò sàn jù ú lọ, torí àwọn tó kópa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó lè kan àwọn. “Oògùn òfìfo” ni mo fi ń dí àyè rẹ̀ ní báyìí. Ẹ̀yin tó ń ṣe ètò, èwo lẹ̀ ń lò?