Ṣé "mú àyà le" àti "oríkunkun" jọra?

Ìbéèrè, láti Kétu
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n ka ìtàn Fáráò, ẹni tí Ọlọ́run mú àyà rẹ̀ le, nínú ìsìn wa. Bí a ti ń bọ̀ nílé ni ìyá mi àgbà bi mí pé kí ló burú nínú kí àyà ènìyàn le, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó láyà ni à ń yìn. Mo dá wọn lóhùn pé oríkunkun ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn. Kí ni ẹ̀yin ń pe ẹni tó mọ òtítọ́, tó rí ìyà tí ìṣe rẹ̀ mú bá ẹlòmíràn, tí kò sì yí padà?

Èsì, láti Àjàṣẹ́
Olùkọ́ èdè Faransé ni mí. Inú "tête", tí í ṣe orí, ni Faransé ti yọ "têtu", bí àwa náà ti fi orí ṣe oríkunkun. Ọmọ tí a rán níṣẹ́ tó kọ̀ jálẹ̀ ni méjèèjì bá mu, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì lè jẹ́ aláàánú. Ní tèmi, ọ̀dájú ni Fáráò.

Èsì mìíràn
Ẹ má ṣe fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ màmá sẹ́yìn, nítorí Bíbélì Yorùbá fúnra rẹ̀ gbè wọ́n: ní orí kìíní ìwé Jóṣúà, "mú àyà le" kan náà ni Ọlọ́run fi gba Jóṣúà níyànjú. Nínú èdè Hébérù pàápàá, "hazaq", tó túmọ̀ sí kí nǹkan lágbára, wà nínú ìtàn àwọn méjèèjì, ohun tí ẹni náà di mú ló sì ń sọ bóyá ìyìn ni tàbí ẹ̀bi. Hébérù tún ní ọlọ́rùn líle, èyí tó wá láti ara màlúù tí kì í tẹ ọrùn fún àjàgà. Àwa náà ní warùnkì, tí í ṣe wa ọrùn kì.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún màmá. Wọ́n gba warùnkì, wọ́n ní irú ẹni tí wọ́n ń fi orin bá wí lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀, nínú ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí àwọn ẹrú máa mọ bíríkì láìfún wọn ní koríko, wọ́n ní ọ̀dájú ni, pé kò sí ohun tó kan orí tàbí ọrùn nínú ìyẹn.