Kí art journal lè jọ iṣẹ́ àti ilé ẹni: bébà, aṣọ, gọ́ọ̀mù àti àwọ̀

Abẹ́rẹ́Ńlá béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́nà. Ọ̀rọ̀ art journal ni mo bá wá, ìwé tí èèyàn ń ya nǹkan sí, tó ń lẹ nǹkan mọ́, tó sì ń kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí. Aránṣọ ni mí, mo fẹ́ràn àdìrẹ, mo sì fẹ́ràn oúnjẹ sísè. Àmọ́ èyí tí wọ́n ń fi hàn wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òdòdó òyìnbó àti ife kọfí ni ṣáá. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ṣí ìwé mi mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé aránṣọ ló ni ín.

Ohun tó wà lọ́wọ́ mi: ìwé ẹlẹ́yìn líle táwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò, gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà, ọ̀dà acrylic, àpò àjákù ańkárá kan, àti sóbò tí mo fi ń kun ojú ìwé. Bébà ń hunjọ. Ojú ìwé méjì ń lẹ̀ mọ́ra. Ańkárá ń ṣí létí. Sóbò tó pupa fòò nínú ife, tó bá ti kan bébà, ó ń dà bí eérú. Kí ni kí n yí padà? Kí ni kí n sì máa fi sínú ẹ̀ gan-an?

Oníbébà fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Bébà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yí. Bébà ìwé ilé-ìwé sábà máa ń jẹ́ gíráàmù 60 sí 70 ní mítà onígun mẹ́rin kan. Lẹ́ẹ̀dì àti báírò ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe omi. Bébà gíráàmù 160 sí 200 máa gba gọ́ọ̀mù àti acrylic. Tó bá jẹ́ omi aláwọ̀ lẹ fẹ́ máa dà sí i, ẹ wá ti 300.

Tẹ́ ò bá fẹ́ pa ìwé tó wà nílẹ̀ tì, ẹ lẹ ewé méjì-méjì pọ̀ kó di ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà, nínú ewé mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ gé ẹyọ kan kúrò, nítorí aṣọ tẹ́ ẹ máa lẹ̀ yóò gba àyè, bí àyè ò bá sì sí, ìwé á yanu sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á ya. Ẹ má gé e dé gbòǹgbò o. Ẹ fi sẹ̀ńtímítà kan àbọ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ibi tí wọ́n rán an, torí pé ewé kan àti ìkejì rẹ̀ tó wà lápá kejì òwú, bébà kan náà ni wọ́n. Ẹni tó bá gé e tán pátápátá, ìkejì á já bọ́ tó bá yá.

Kẹ́ ẹ tó kun ohunkóhun, ẹ fi ọ̀dà emulsion funfun tí kì í dán pa ojú ìwé: ọ̀dà ìwọ̀n mẹ́ta, omi ìwọ̀n kan. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èkíní látòkè dé ìsàlẹ̀, èkejì láti ọ̀tún sí òsì. Ìdí ewé tó ń ká ni pé ojú kan ṣoṣo ni wọ́n kùn. Ojú kan náà á fà, ojú kejì ò ní nǹkan tó ń fà á padà. Nítorí náà, ẹ kun tẹ̀yìn-tiwájú. Ẹ má lo ọ̀dà ilẹ̀kùn tó ń dán, olóróró ni, ó máa ń di ràkọ̀ràkọ̀, gọ́ọ̀mù ò sì ní dì í mú.

Gọ́ọ̀mù yẹn dára, bẹ́ ẹ ṣe ń lò ó ni ò dáa. Ẹ má fi omi là á. Ẹ kán an sí àárín, kẹ́ ẹ wá fi káàdì báńkì tó ti kú fà á lọ sí etí, títí tẹ́ ẹ fi ń rí bébà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi bébà tí wọ́n fi ń yan kéèkì bò ó, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e, kó sùn bẹ́ẹ̀.

Ti ojú ìwé tó ń lẹ̀ mọ́ra: ike ni acrylic, bó ti wù kó gbẹ tó. Ooru àti ọ̀rinrin máa ń sọ ọ́ di rírọ̀, pàápàá nígbà òjò. Ẹ jẹ́ kó ṣí sílẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì kẹ́ ẹ tó pa ìwé dé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àbẹ́là funfun ra ojú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ wá fi àjákù aṣọ rírọ̀ nù ún kó dán. Èyí ni kẹ́ ẹ ṣe kẹ́yìn o. Ohun tí àbẹ́là bá ti kàn, gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà ò ní mú un mọ́.

ÒwúÀtÌlẹ̀kẹ̀ fèsì:

Ọ̀gá Oníbébà ti sọ ti bébà tán. Èmi á mú ti aṣọ.

Ańkárá tuntun ní sítáàṣì àti àwọn èròjà ilé-iṣẹ́ mìíràn lára, ìyẹn ni gọ́ọ̀mù fi ń yọ̀ ṣùẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ àjákù yẹn, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́. Kẹ́ ẹ tó gé e sí ìwọ̀n tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ìròyìn tàbí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan. Orí bébà ni gọ́ọ̀mù ń lọ, kì í ṣe orí aṣọ. Tó bá gbẹ, ẹ wá gé e. Etí rẹ̀ ò ní tú mọ́, ó sì máa gé bíi páálí. Léèsì ò gba èyí, gọ́ọ̀mù á gba ihò rẹ̀ jáde sójú. Léèsì, ẹ rán an.

Ìránṣọ sórí bébà ni mo rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ fi ṣe àmì tiyín, torí òdòdó òyìnbó tẹ́ ẹ sọ yẹn, ẹnikẹ́ni lè yà á, ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ ìrán ò pọ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe ìwé yìí. Tó bá jẹ́ ọwọ́, ẹ kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ lu ihò sílẹ̀, kí mìlímítà 5 wà láàárín ihò kan sí èkejì, kí gbogbo rẹ̀ sì fi bíi mìlímítà 8 jìnnà sí etí ewé. Tí ihò bá sún mọ́ra jù, bébà á ya lójú ìrán bí ìgbà tí wọ́n ń ya tíkẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ maṣíìnì, ẹ gbé gígùn ìrán sí 4, ẹ má sì rán padà sẹ́yìn láti fi dè é bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe sí aṣọ. Ẹ fi òwú gígùn sílẹ̀, ẹ fà á sẹ́yìn ewé, ẹ ta á ní kókó. Bébà máa ń kú abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó padà sórí aṣọ oníbàárà, àgàgà tó bá jẹ́ ṣifọ́ọ̀nù.

Aṣọ òkè: ẹ kun gọ́ọ̀mù sí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gé, kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó gé. Èyí tó bá ní òwú tó ń tàn yinrinyinrin, ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e, ike ni òwú yẹn, á yọ́. Ó sì nípọn, nítorí náà kó má fẹ̀ ju sẹ̀ńtímítà méjì lọ.

Ohun tẹ́ ẹ máa fi sínú ẹ̀ kò jìnnà. Ègé aṣọ sẹ̀ńtímítà 3 sí 5 látara iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, iye yáàdì tó gbà, àwòrán sítáì náà ní lẹ́ẹ̀dì, ibi tó ti fẹ́ dàrú (ọrùn tó fẹ̀ jù, apá tó fà), àti gbólóhùn kan péré nípa ọjọ́ náà. Ẹ lè fi bébà tẹ́ ẹ fi gé pátánì ṣe ẹ̀yìn ojú ìwé, ìlà lẹ́ẹ̀dì àti ìṣirò tó wà lára rẹ̀ dára ju bébà aláràbarà tí wọ́n ń tà lọ. Ẹ kàn má lẹ bébà ìwọ̀n tó ní orúkọ àti nọ́ńbà fóònù oníbàárà. Ẹ gé apá yẹn kúrò.

Ẹlẹ́kọAláró fèsì:

Ọ̀rọ̀ sóbò. Bébà ìgbà yìí ní ṣọ́ọ̀kì nínú, ọ̀dà emulsion náà ní. Àwọ̀ sóbò máa ń pupa níbi tí nǹkan kíkan bá wà, ó sì máa ń di aláwọ̀ aró tàbí eérú níbi tí ṣọ́ọ̀kì tàbí káún bá wà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ fún òroǹbó wẹ́wẹ́ sí ìdajì, ẹ po káún díẹ̀ mọ́ ìdajì kejì. Ẹ lè fi méjèèjì kun ojú ìwé kan náà, á lẹ́wà. Ṣùgbọ́n oòrùn á jẹ ẹ́. Ata ilẹ̀ pupa náà bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má fi wọ́n ṣe ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó pẹ́.

Èyí tó ń pẹ́ díẹ̀ ni èèpo àlùbọ́sà: ẹ̀kúnwọ́ méjì nínú ife omi méjì, ẹ sè é lórí iná kékeré títí á fi ku ife kan, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ìdajì ṣíbí tíì álọ́ọ̀mù sí i. Á di àwọ̀ wúrà tó dúdú díẹ̀. Osùn kì í yọ́ nínú omi, nítorí náà ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún bí ọ̀dà.

Ẹ má da aró inú ìkòkò sórí bébà, omi eérú tó wà nínú rẹ̀ á jẹ bébà. Ègé àdìrẹ ni kẹ́ ẹ lẹ̀. Kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ fi aṣọ funfun tútù ra á. Tó bá ṣì ń pa aṣọ funfun láró, ẹ tún un fọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn àdìrẹ lóòótọ́, ètò rẹ̀ ni kẹ́ ẹ yá, kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀ nìkan. Ẹ wo àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn: onígun mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n pín aṣọ náà sí, nǹkan tiẹ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, òpó Gbọ̀ngàn Mápó sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí láàárín. Ohun ìlú àti ohun ilé ìdáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ pín ojú ìwé méjì tó kọjú síra sí igun mẹ́jọ, ọjọ́ méje gba méje, ìkẹjọ gba ohun tó gba ọkàn yín lọ́sẹ̀ náà. Tí ọjọ́ kan bá ṣófo, ẹ fi ìlà wẹ́wẹ́ kún un. Ìyá aláró kì í fi àyè sílẹ̀ lásán.

Fún funfun àárín aró: ẹ fi àbẹ́là ya ìlà náà sórí bébà tí kò tíì gba emulsion, ẹ wá fi yíǹkì búlúù tẹ́ ẹ fomi là gbà á lórí. Ẹ̀kọ láfún tòótọ́ tí àwọn aláró fi ń ya ọnà sára aṣọ gba omi púpọ̀ láti ṣí, bébà ò lè fara dà á.

ÌdínàÀáyán fèsì:

Mo fara mọ́ gbogbo ẹ̀ àfi sóbò. Oúnjẹ kò yẹ nínú ìwé, jàre. Tẹ́ ẹ bá máa lò ó rárá, kó jẹ́ èyí tí kò ní ṣúgà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èèrà á bá yín pín in. Lílẹ ìwé pẹ̀lú ẹ̀kọ tàbí sítáàṣì ńkọ́? Aáyán ń jẹ ẹ́, ó sì ń hu èébu nígbà òjò. Epo pupa ló burú jù. Kì í gbẹ láéláé, á máa rìn láti ewé sí ewé, gọ́ọ̀mù ò sì ní mú ibi tó bá dé. Àwọ̀ epo tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ po acrylic pupa mọ́ yẹ́lò, kẹ́ ẹ fi bíńtín búráùn sí i.

Ọbẹ̀ lè wọ inú ìwé lọ́nà mìíràn. Ẹ kọ iye ata, iye irú, iye owó tí wọ́n tà á lọ́jà lọ́jọ́ náà. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì ya ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà gé ẹ̀fọ́. Ọ̀rá iyọ̀ àti ti èròjà ọbẹ̀ dára láti lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi sáńpépà ha ẹ̀yìn rẹ̀ kó rí ìdìmú, tàbí kẹ́ ẹ rán an.

Àti rìsíìtì P.O.S: ooru ló kọ ọ́, ooru náà ló máa pa á rẹ́. Ẹ ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀, ẹ lẹ fọ́tókọ́pì.

Abẹ́rẹ́Ńlá:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìbéèrè méjì ló kù. Àwòrán inú fóònù, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ tí mo lẹ̀ ẹ́, àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣàn. Èkejì: lásìkò ọdún, tí aṣọ àwọn èèyàn bá wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, kí ni kí n ṣe sí ìwé?

Oníbébà:

Ẹ̀rọ tó ń fọ́n yíǹkì ni wọ́n fi tẹ àwòrán yẹn. Ẹ ní kí wọ́n fi laser tẹ̀ ẹ́, ìyẹ̀fun tí iná yọ́ mọ́ bébà ni tiẹ̀, omi ò ní ràn án. Èyí tó ti wà nílẹ̀, ẹ lo gọ́ọ̀mù onígi tí a ń fà bí ìpara ètè.

ÒwúÀtÌlẹ̀kẹ̀:

Lásìkò ọdún, ẹ má kun nǹkan kan. Ẹ rán àpò bébà sẹ̀ńtímítà 10 sí 14 mọ́ ojú ìwé ọ̀sẹ̀ náà, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n rán ìwé kí nǹkan má baà yọ jáde. Ègé aṣọ kan látara iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi báírò kọ déètì sẹ́yìn rẹ̀, ẹ jù ú sínú àpò. Iye tó bá kọjá mẹ́wàá, ẹ yọ àwọn tó jọra. Lẹ́yìn ọdún lẹ ó tò ó.