Ọkọ̀ ojú omi tí afẹ́fẹ́ ń gbé, tó tún ń wọ abẹ́ omi: kí la máa ṣe sí ìgbòkun rẹ̀?

AjílétéTuntun

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àwa kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń ya àwòrán ọkọ̀ kékeré kan tí ènìyàn kì í wọ̀, fún omi dáàmù Ọbà. Afẹ́fẹ́ ni yóò máa gbé e lórí omi. Tó bá dé ibi tá a yàn fún un, kó wọlẹ̀ dé mítà 3, kó wọn bí omi ibẹ̀ ṣe gbóná tó, kó jáde, kó sì tún máa bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ara ọkọ̀ náà jẹ́ páìpù PVC 110 mm tó gùn ní mítà 1.2. Kíìlì rẹ̀, ìyẹn pátákó tó dúró lóòró nísàlẹ̀, gùn ní 50 cm, òjé kìló 4 sì wà nídìí rẹ̀. Ìgbòkun rẹ̀ le bí apá bàálù (ìrísí tí wọ́n ń pè ní NACA 0015): fífẹ̀ 40 cm, gíga 125 cm, awọ fáíbà tí inú rẹ̀ ṣófo. Bátìrì 12 V, 7 Ah.

Tá a bá dí ìgbòkun pa, ọkọ̀ kọ̀ láti wọlẹ̀. Tá a bá lu ihò sí i, ó ń wọlẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe ń jáde báyìí ló ń dojú dé. Ṣé ká ṣe ìgbòkun tó ń ká ni, àbí kí?

Ẹ̀gbọ́nAtukọ̀

Àbúrò, ìgbòkun yẹn gan-an ló ń dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ti ṣírò bí afẹ́fẹ́ yóò ṣe tì í, ẹ ò tíì ṣírò bí omi ṣe máa gbà á. Tẹ́ ẹ bá gé NACA 0015 tó fẹ̀ ní 40 cm lágbèéká, ojú ibi tẹ́ ẹ gé jẹ́ nǹkan bíi 0.0164 m². Ẹ fi mítà 1.25 sọ ọ́ di púpọ̀: ó lé ní lítà 20. Páìpù yín fúnra rẹ̀ ò ju lítà 11.4 lọ! Ìgbòkun tẹ́ ẹ dí pa nílò kìló 20 òmíràn kó tó lè rì. Èyí tẹ́ ẹ lu ihò sí ńkọ́? Omi kún inú rẹ̀ lábẹ́, kò sì ráyè dà nù kí ìgbòkun tó yọrí síta. Bí ẹni tó ru garawa omi lórí tó fẹ́ dìde lórí ẹsẹ̀ kan ló ṣe rí. Òjé kìló 4 ò lè gbé ìyẹn dúró.

Ẹ jẹ́ kó jẹ́ aṣọ. Aṣọ agbòòrùn dára, kì í mu omi púpọ̀. Ẹ gé e ní 0.5 m², kí òpó rẹ̀ jẹ́ páìpù alumíníọ̀mù 16 mm, kẹ́ ẹ lu ihò 8 mm sókè àti sísàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè wọ̀ kó sì jáde kíákíá. Kí òpó náà máa yí lójú ara rẹ̀, kí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbòkun wà níwájú òpó, kí ìyókù wà lẹ́yìn. Báyìí, servo kékeré (mọ́tọ̀ tó ń yí dé ibi tá a bá ní kó yí dé) á lè yí i láìlàágùn.

Nípa kíká: Triton, ọkọ̀ irú èyí tí Ocean Aero ṣe ní Amẹ́ríkà, máa ń ká ìgbòkun rẹ̀ lélẹ̀ kó tó wọlẹ̀, àmọ́ ọkọ̀ ńlá nìyẹn. Saildrone, ọkọ̀ onígbòkun míì tí ènìyàn kì í wọ̀, kì í wọ abẹ́ omi rárá ní tiẹ̀. Ní mítà 1.2, kíká ìgbòkun máa fi mọ́tọ̀ kan àti ojú ibi kan tí omi lè gbà wọlé kún iṣẹ́ yín. Mi ò ní dábàá ẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe máa fì. Afẹ́fẹ́ 3 m/s lórí 0.5 m² ń fúnni ní agbára ìtì nǹkan bíi 2.7 N (níútọ̀nù). Tí àárín ìgbòkun bá fi 80 cm ga ju ibi tí omi ti ń dá ọkọ̀ dúró, òjé yín á mú un dúró ní ìwọ̀n bíi 7°. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀fúùfù òjò bá dé ní 12 m/s, agbára rẹ̀ di ìlọ́po 16, òjé ò ká a mọ́. Nítorí náà, kí ọkọ̀ mọ̀ bó ṣe ń fì: tó bá ti kọjá 35°, kí servo tú ìgbòkun sílẹ̀ pátápátá kó máa tẹ̀lé afẹ́fẹ́.

Púlọ́ńbàTàkié

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti ìgbòkun tán. Ti inú páìpù ni tèmi.

Bátìrì 7 Ah yẹn ò lè wọlé. Fífẹ̀ rẹ̀ 65 mm, gíga rẹ̀ 94 mm. Láti igun dé igun, ó jẹ́ 114 mm. Inú páìpù yín ò ju 104 mm lọ. Ká tiẹ̀ ní ó wọlé, bátìrì olójé máa ń tú gáàsì tó lè gbiná, ẹ má dí i pa mọ́nú páìpù láé. Ẹ lo bátìrì lithium 18650, àwọn kéékèèké tó rí roboto.

Fún rírì, ẹ fi písítìn fa omi. Kí táńkì rẹ̀ jẹ́ ike dídán tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní 70 mm, kí písítìn rìn ní 20 cm: lítà 0.77 nìyẹn. Inú páìpù lásán kì í rí roboto dáadáa, O-ring (òrùka rọ́bà tó ń dí omi) á máa jò lójú ẹ̀. Gbé táńkì yìí sí àárín ọkọ̀, kì í ṣe sí imú, kí orí ọkọ̀ má bàa tẹ̀. Ọ̀pá onísúkúrúù M8 (fífẹ̀ 8 mm) ń rìn ní 1.25 mm lẹ́ẹ̀kan yíyí, nítorí náà yíyí 160 ni. Mọ́tọ̀ onígíà 100 rpm (yíyí 100 ní ìṣẹ́jú kan) á parí ẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ lé díẹ̀. Ní mítà 3, omi ń tẹ písítìn náà bí ẹrù kìló 11 àtààbọ̀.

Ẹ ṣe ìwúwo ọkọ̀ kó lè dúró láìrì láìléfòó nígbà tí písítìn bá dé ìdajì. Àyè tí gbogbo ọkọ̀ náà ń gbà nínú omi máa tó lítà 12.2, ẹ jẹ́ kó wọn kìló 11.8 nígbà tí táńkì bá ṣófo.

Àwọn PVC ilé tó fẹ́lẹ́ ní 3.2 mm, ẹ má gbé e kọjá mítà 5. Oòrùn máa ń sọ ọ́ di rírọ̀. Kẹ́ ẹ tó gbé e sómi, ẹ fi síríńjì ńlá fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ fi gééjì wò ó fún ìṣẹ́jú 30. Tó bá padà sókè, ó ń jò.

ÀǹtíOníwáyà

Ẹ má gbàgbé pé ìgbì rédíò 2.4 GHz àti ti GPS kì í kọjá sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ nínú omi. Tó bá ti wọlẹ̀, ẹ ò lè bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Súkúrúù M8 kì í sì í fúnra rẹ̀ yí padà: bí iná bá kú nísàlẹ̀, ibẹ̀ ló máa wà.

Ẹ yọ 700 g kúrò nínú òjé kìló 4 yẹn, kẹ́ ẹ fi okùn ìpẹja dè é mọ́ ìsàlẹ̀. Wáyà nichrome, èyí tó ń gbóná bí iná bá gba inú rẹ̀ kọjá, ló máa jó okùn náà já. Kí wáyà yìí ní bátìrì tirẹ̀ àti aago tirẹ̀, kó má bá ti ọkọ̀ pọ̀ rárá. Kí aago náà bẹ̀rẹ̀ bó bá ti ń wọlẹ̀, kó sì já a ní ìṣẹ́jú 15 àfi tí ọkọ̀ bá ti jáde. 700 g tó láti gbé e jáde bí písítìn bá há nígbà tó kún, kódà bí omi díẹ̀ bá ti jò wọlé.

Fún ìtukọ̀, ẹ má fi ọ̀pá gun ara páìpù. Òòfà neodymium méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta ìdérí, á máa yí ìtọ́kọ̀ láìsí ihò kankan.

AjílétéTuntun

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Aṣọ agbòòrùn la máa lò. Bá a bá wá gbé e lọ sí òkun ní Èkó lẹ́yìn náà, ṣé ohun kan á yí padà?

Púlọ́ńbàTàkié

Ó máa yí o. Lítà kan omi òkun ń fi nǹkan bíi 25 g wúwo ju omi dáàmù lọ. Ní lítà 12.2, ọkọ̀ yín á fẹ́ fi 300 g léfòó jù. Táńkì yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kó tó lè dúró, kò wá ní ṣẹ́kù agbára tó máa fi wọlẹ̀. Ẹ gbẹ́ àyè sílẹ̀ lára kíìlì láti ìsinsìnyí fún òjé 300 g tẹ́ ẹ lè dè mọ́ ọn kẹ́ ẹ sì lè tú, bí ẹ ṣe ń lọ tí ẹ ṣe ń bọ̀.